Ọjọ́ Tí Yèyé Arẹwà Di Méjì

Igo Fáńtà kan ni mo fi ta ẹ̀gbọ́n mi. Fáńtà náà kò tilẹ̀ tutù. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún mi lójú gbogbo ìlú, mo gbé ìdí ńlá mi lé e, wọ́n ní èmi ni ìwé ìtàn agboolé wa, mo sì la ẹnu, mo búra sí ohun tí n kò mọ̀. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín ara mi títí omi yóò fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí n kò ti mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibi tí n kò sí, Ìnsípẹ́kítọ̀ Bàrúwà ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá ra ṣòkòtò lọ́wọ́ mi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ọdún 1988 ni. Sáàpù, ètò Ìjọba tó sọ owó di ọ̀wọ́n, ti dé, ìgbànú gbogbo ènìyàn ti ní ihò tuntun. Èmi Leah ń ta aṣọ òkirìkà ní Ìdí-Ìyeyè, ìlú kékeré tiwa tó wà láàárín Ìlaro àti Ayétòrò. Ifọ́nyìntẹ̀dó lẹ́nu ààlà ni mo ti ń kó ẹrù wá. Kò sí tíṣà kan ní agbègbè wa tí n kò mọ ìwọ̀n ìdí rẹ̀.

Bámgbóṣé, ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìyá kan náà, ni olùtọ́jú Yèyé Arẹwà. Yèyé Arẹwà ni orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ agboolé Ẹlẹ́fẹ̀, tiwa nìyẹn: ère obìnrin tó wé gèlè, tí ẹyẹ méjì bà lé gèlè náà, tí wọ́n fi ẹnu ṣá ejò kan mọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, oníjó a gbé e sórí, a jó yí ọjà ká láti fi tu àwọn ìyá wa lójú. Ó ti wà kí bàbá bàbá wa tó dáyé. Bí ijó bá parí, ẹ̀gbọ́n mi a gbé e padà sínú yàrá kan tí obìnrin kì í wọ̀, tí ọkùnrin mìíràn kì í wọ̀, àfi ọmọkùnrin tó bá ń bá a gbé àtùpà. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe búra nígbà tí bàbá wa fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ènìyàn tó rọrùn láti bá gbé ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, èmi ni mo ń ra nǹkan fún un lọ́jà: iyọ̀, tábà, búlúù, ìṣáná. Kíjìpá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, ọdún wọlé, ọdún jáde. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá kú, kíjìpá náà yóò dìde fúnra rẹ̀, yóò bá wa rìn lọ sí ìsìnkú.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Alfred. Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, èmi ni mo gbé e. Mo mú un kúrò nídìí àtùpà bàbá rẹ̀, mo mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, mo dúró tì í níbi ìrìbọmi, mo sì jó lọ́jọ́ náà débi pé ìró mi já. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti di Tíṣà Alfred, olórí akọrin, ẹni tí kì í wàásù kó má bú òrìṣà ilé bàbá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, àwọn aṣọ́bodè ní Ifọ́nyìntẹ̀dó ṣí ìlẹ̀kùn àgọ́ wọn, wọ́n bá dìpọ̀ òkirìkà kan lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ni ín, kò sí ọkọ̀ nítòsí. Wọ́n tú u. Láàárín àwọn ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ti bá orí igi kan: obìnrin, gèlè, ẹyẹ méjì, ejò. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ara rẹ̀ ti sán, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ọmọ Ìlaro kan wà láàárín àwọn aṣọ́bodè náà. Ó fi ọwọ́ lé orí.

“Yèyé Arẹwà ti Ìdí-Ìyeyè nìyí! Wọ́n fẹ́ gbé e sọdá sí Kútọnu!”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọwọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ Bàrúwà ní Ìlaro nìyẹn. Bàrúwà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń fẹ́ bọ́. Ó máa ń fi ọwọ́ kan bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á fi èkejì di ìgbànú rẹ̀ mú. Ó gbé orí dúdú náà sínú ọkọ̀ jíìpù, ó wá sí ìlú wa, ó ní kí Baálẹ̀ pe gbogbo ènìyàn jọ sábẹ́ igi ìyeyè.

“Bàbá,” ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé tiyín wá.”

Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá, ó gbé tirẹ̀ jáde. Ariwo ta. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ pupa, gèlè rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì kan náà, ọ̀kan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, èkejì bí òkú tí wọ́n hú.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius Adéwùnmí ti bá Bàrúwà wá. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ó sì ń kọ̀wé nípa ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Yewa. Ó yí tábìlì po, ó yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀, ó wá nàka sí èyí tó ń tàn.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo èyí! Ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù ni. Ṣé wọ́n ń ta ọ̀dà inú agolo nígbà ayé bàbá bàbá yín? Ṣùgbọ́n ẹ wá wo èkejì. Ẹ wo bó ṣe sán. Ẹ wo ẹnu ikán. Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í parọ́!”

“Ikán kì í ka ọdún, ọ̀gá,” ni Bàrúwà wí. “Ilé tí mo kọ́ lésìí, wọ́n ti jẹ ìlẹ̀kùn rẹ̀ tán.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Cornelius kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wòkè, ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà láàárín èrò, wọ́n sì sọ fún un pé àbúrò Bámgbóṣé ni mí. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá, kí wọ́n sì ra ohun mímu fún mi.

“Màmá wa, ọmọ ilé yìí ni yín. Ẹ̀yin ni ìwé ìtàn agboolé Ẹlẹ́fẹ̀. Nígbà ọmọdé yín, èwo nínú méjèèjì lẹ rí?”

Ẹ gbọ́ òtítọ́. Nígbà ọmọdé mi, láti ẹ̀yìn èjìká àwọn àgbà ni mo ti ń yọjú wo Yèyé, nínú eruku, kí ìyá mi tó fa etí mi. Láti ìgbà tí mo sì ti di ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé Fáńtà lé mi lọ́wọ́, ojú gbogbo ìlú sì wà lára mi. Mo mu ún, mo gùnfẹ̀.

“Èyí tó dúdú ni! Ohun àtijọ́ a máa jọ ohun àtijọ́. Èyí tí bàbá mi gbé lọ́wọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọmú ara mi!”

Àwọn ènìyàn hó. Inú mi dùn. N kò wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

“Olè!” ni ọ̀dọ́ kan ké. “Ó ti ta Yèyé, ó fi ọmọláńgidi dípò!”

Baálẹ̀ dìde, ó sì sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó bá ta orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a kì í sin ín sílé. Inú igbó ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ sọ sí, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí Bámgbóṣé kò sì tíì wẹ ara rẹ̀ mọ́, orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní Ìdí-Ìyeyè nìyẹn.

Bàrúwà súnmọ́ ẹ̀gbọ́n mi. “Bàbá, ta ló fi ọ̀dà kun tiyín?”

“Ohun tó wà nínú yàrá, inú yàrá ló wà.”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni mò ń sọ o.”

“Mo gbọ́. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, ọmọ mi. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣa òkò. Bàrúwà tì í sínú jíìpù kíákíá, ó kó orí méjèèjì tẹ̀lé e. Bí eruku ọkọ̀ náà ṣe ń rọlẹ̀, Alfred wá dúró tì mí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Màmá, ẹ ṣeun,” ó wí. “Kò rọrùn kí ènìyàn jẹ́rìí lòdì sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.”

Mo rò pé ó ń gbóríyìn fún mi ni. Mo tilẹ̀ fún un ní ìyókù Fáńtà náà.

Lọ́jọ́ kejì, Bàrúwà wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ń yẹ ṣòkòtò wò bí ẹni tó fẹ́ rà.

“Màmá, inú òkirìkà ni wọ́n ti rí i. Òkirìkà lẹ̀ ń tà. Ifọ́nyìntẹ̀dó lẹ̀ ń ná. Ẹ sì yára búra mọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ká ní ẹ̀yin ni èmi, ta lẹ máa mú?”

“Èmi kẹ̀! Ọ̀gá ọlọ́pàá, bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan kọjá, ṣé ẹnu ọ̀nà aṣọ́bodè ni mo máa gbé e sí? Ọ̀nà ẹ̀yìn odò wà níbẹ̀. Ọ̀nà oko àgbàdo wà níbẹ̀. Èyí tí à ń gbà tí ìrẹsì bá...”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Bàrúwà rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ìgbànú, ṣòkòtò rẹ̀ sì sún wálẹ̀.

“Ẹ máa bá a lọ, Màmá, ẹ ń bá Ìjọba ṣiṣẹ́. Ta ló wà ní ààlà yìí tí kò mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn?”

“Àfi ẹni tí kò bá ní ẹsẹ̀.”

“Ó dáa.” Ó dá ṣòkòtò náà padà sórí àtẹ. “Nígbà náà, ẹni tó gbé ẹrù yẹn síbẹ̀ kò fẹ́ kó kọjá. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i ni.”

N kò mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò ra ṣòkòtò.

Ó gbé orí dúdú náà sínú àpò, ó gun alùpùpù lọ sí Ayétòrò, ọ̀dọ̀ Málọmọ́ agbẹ́gilére. Málọmọ́ ń gbẹ́ àpótí ìjókòó lọ́wọ́. Ó wo ohun tó wà nínú àpò náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni,” ó wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe bí ọmọ mi nìyẹn. Igi tútù ni mo gbé jáde, ó funfun nini. Wọ́n ti fi èéfín yan án bí ẹja. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n sì ti gbé e jókòó sórí ilé ikán.”

“Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún yín?”

“Awakọ̀ kan ló jíṣẹ́ náà, n kò rí ẹni tó rán an. Ó ní ère eré àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Agbẹ́gilére kì í bá ère rìnrìn àjò, ọ̀gá.”

“Báwo lẹ ṣe wá mọ ìwọ̀n ti Yèyé Arẹwà?”

Ìgbà yìí ni Málọmọ́ gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀. “Okùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ta kókó sí i: èyí ni fífẹ̀ rẹ̀, èyí ni gíga rẹ̀, èyí ni jíjìn inú rẹ̀. Jíjìn inú rẹ̀, ọ̀gá! Ẹni tó bá dúró lọ́jà ń wòran, ibo ni yóò ti rí inú orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.”

Bàrúwà padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ bọ inú orí dúdú náà, ó fi bọ inú èyí tó ń tàn, ó ń fọwọ́ pa wọ́n nínú bí obìnrin tó ń wò ó bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ fọ ìkòkò mọ́. Ó wá mú abẹ fẹ́lẹ́, ó ha ojú kan bíńtín ní etí ìsàlẹ̀ èyí tó ń tàn. Ó ha á títí. Nígbà tó tó, ó dìde, ó lọ sí àtìmọ́lé.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́. Bàrúwà wo abẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá náà ká àwọn ìka rẹ̀ wọlé.

“Ẹ má sọ nǹkan kan,” ni Bàrúwà wí. “N kò ní kí ẹ ba ìbúra yín jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò jalè. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú yín sílẹ̀ lónìí, ẹni tó ṣe é yóò fura. Ṣé ẹ lè fara dà á díẹ̀ sí i?”

“Ilẹ̀ yín tutù,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ṣùgbọ́n mo lè fara dà á.”

Ó fara dà á. Inú ọyẹ́ ni, lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú kíjìpá kan. Ibẹ̀ ni ikọ́ tó wá pa á nígbẹ̀yìn ti wọlé sí i lára.

Bàrúwà wá fọ́n ọn káàkiri pé ìwádìí ti fẹ́ parí, pé orí dúdú ni ojúlówó, pé yóò lọ sí ilé ìkóhun-àtijọ́-sí ti Ìjọba ní Èkó, àti pé òun kò mọ ohun tí òun yóò fi ayédèrú ṣe. Ó jókòó, ó ń retí ẹni tí yóò wá.

Cornelius ló kọ́kọ́ dé. Ó gbá orí dúdú mọ́ra bí ọmọ tuntun, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sìn ín dé Èkó.

“Èkejì ńkọ́?” ni Bàrúwà bi í.

“Ìyẹn? Ẹ gbé e fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré.” Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alfred wọlé, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó fi Bíbélì há abíyá.

“Ìnsípẹ́kítọ̀, ìtìjú ti pa ilé wa. Ẹ fún mi ní ayédèrú yẹn. Mo fẹ́ sun ún ní ọgbà ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ènìyàn.”

“Èyí tó dúdú ńkọ́, Tíṣà? Ṣé ìyẹn kò bí yín nínú?”

“Ìyẹn ti di ti Ìjọba. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Bàrúwà gbé orí tó ń tàn náà jáde. Ó wá fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo Ìdí-Ìyeyè kún ọgbà ìjọ, oníṣọ́ọ̀ṣì àti aláìṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti to igi ìdáná. Alfred gbé àpò ìdọ̀họ kan jáde, ó ti dì í pinpin, ó ti rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Ó gbé e lé orí igi náà, ó gbàdúrà gígùn. Èmi ni mo ń ṣe àmín jù. Jíìpù ọlọ́pàá wọlé nígbà náà. Cornelius bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń húkọ́. Àwọn èrò ń pòṣé sí i.

Alfred ṣá ìṣáná. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ pa á.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́,” ni Bàrúwà wí. “Kí ẹ tó ṣá òmíràn, ẹ tú àpò náà. Ó yẹ kí ìlú rí ojú ẹni tí wọ́n ń sun.”

“Ojú òrìṣà kò yẹ ní ọgbà ìjọ.”

“Èéfín rẹ̀ ló wá yẹ?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alfred ṣá òmíràn, ìṣáná náà já bọ́. Bàrúwà fi ẹsẹ̀ gbá àpò náà wálẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ya á. Ohun tó yí jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe obìnrin, kò sì wé gèlè.

“Odó mi!” ni mo ké, kí n tó mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ. “Odó mi tí mo ti ń wá! Mo ti gbé aládùúgbò mi ṣépè nítorí rẹ̀!”

Odó mi ni lóòótọ́, tòun ti ibi tó ti là. Ọlọ́pàá kan jáde láti inú yàrá aṣọ àwọn akọrin, ó gbé Yèyé Arẹwà lọ́wọ́. Abẹ́ àwọn aṣọ funfun ni ó ti bá a. Pupa ètè rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn.

Bàrúwà di ìgbànú rẹ̀ mú.

“Ẹni tó kórìíra ejò,” ó wí, “kì í fi ejò sílẹ̀ kó máa lu awọ tí ejò bọ́. Tíṣà ní òun kórìíra òrìṣà, síbẹ̀ ó ní kí èyí tí a pè ní ojúlówó máa lọ, kí wọ́n fún òun ní èyí tí a pè ní ayédèrú sun. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Bó bá jí Yèyé gbé, gbogbo yín ni ẹ ó máa lé e. Kò jí i. Ó ní kí Málọmọ́ gbẹ́ òmíràn, ó sọ ọ́ di arúgbó nínú èéfín, ó gbé e sọ sẹ́nu ọ̀nà aṣọ́bodè, ó sì jókòó. Àwa fúnra wa ni a ó pe ojúlówó ní ayédèrú. Àwa ni a ó gbé e fún un, a ó tún dúpẹ́.”

“Ṣùgbọ́n ọ̀dà yẹn,” ni Cornelius wí, ohùn rẹ̀ ti kéré, “ọ̀dà tuntun ni.”

“Tuntun ni, ọ̀gá. Mo ha á. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà tó ti ṣá. Abẹ́ ìyẹn, búlúù tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ funfun. Abẹ́ búlúù, osùn. Abẹ́ osùn, ẹfun, búlúù mìíràn, osùn mìíràn. N kò kan igi títí ó fi rẹ̀ mí. Bí ìyá yín bá wọ aṣọ ọdún tuntun, ṣé ó ti di ọmọge nìyẹn?” Ó gbé orí méjèèjì síwájú rẹ̀. “Ẹ fi ọwọ́ bọ inú wọn.”

Cornelius fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú Yèyé ń dán bí inú igbá tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Orí àwọn oníjó àti òógùn wọn ló fá a. Inú èyí tó dúdú ń gún un lọ́wọ́, ojú àáké ṣì wà níbẹ̀.

“Ojú ẹni tí yóò wò ó ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún,” ni Bàrúwà wí. “Kò sí orí tó wọ̀ ọ́ rí. Ẹni tó fi okùn wọn jíjìn inú Yèyé ti wọ yàrá yẹn rí, ó sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà nígbà tí bàbá bá lọ sóko. Ta ló gbé àtùpà dání níbẹ̀ rí, bí kì í ṣe ìwọ, Alfred? Ìwọ mọ̀ pé bàbá rẹ kò lè sọ ìdí ọ̀dà náà fún wa. O ti rí i bó ṣe búra. Orí ìbúra yẹn lo kọ́ ilé rẹ lé.”

Alfred kò sá. Ó jókòó sórí odó mi.

“Òyìnbó kan ń dúró dè mí ní Kútọnu,” ó wí. “Ìyá mi kú lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí kò sí ọkọ̀. Bàbá mi wà nínú yàrá, ó ń tún gèlè igi ṣe. Ìgbà wo ló tún tèmi ṣe?” Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Bàbá, ẹ dá mi lóhùn.”

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Alfred wá yíjú sí mi.

“Màmá, ṣebí ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé igi lásán ni?”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Lójú mi ni àwọn ọlọ́pàá sì ti ń lu ọmọ tí mo pọ̀n ní ẹ̀ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tì í sínú jíìpù.

Wọ́n bá ẹ̀gbọ́n mi rìn délé bí ọba. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣa òkò dọ̀bálẹ̀. Cornelius dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ igbó. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí Bàrúwà ha lára Yèyé, ó gbé e wọ yàrá, ó jáde, ó tì í.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Mo dápàárá nípa odó mi, kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dáríjì mí. N kò mọ̀ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? N kò wọ yàrá yẹn rí.”

Ó húkọ́ tán. Ó fa kíjìpá rẹ̀ mọ́ra. Ó wò mí, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn dà bíi ti ẹni tó ń bèèrè ohun tó ti ń ṣe é ní kàyéfì láti ọjọ́ pípẹ́.

“Leah,” ó wí, “ìgbà wo lo rí mi tí mo wọ aṣọ funfun? Gbogbo búlúù tí o ti ń rà fún mi lọ́jà láti ọjọ́ yìí wá, kí lo rò pé mò ń fi í ṣe?”